Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwa: ohun tí mo kọ́ nílé ìtọ́jú àgbà ní Ìlú Ọba

Ife tíì kan ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́dún 2022 ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá nílé ìtọ́jú àgbà kan ní àríwá England. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ mu omi lásán. A ní láti po ìyẹ̀fun kan mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ mu kó lè ki díẹ̀, torí omi tó bá ṣàn jù lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ sì ni àìsàn tó ń pa arúgbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíki yìí ní ìwọ̀n: 0 ni omi lásán, 4 ló ki jù nínú ohun mímu. Ti bàbá yìí jẹ́ 2, ó sì wà nínú ìwé ìtọ́jú wọn ní lẹ́tà gàdàgbà.

Olùtọ́jú tuntun kan, obìnrin ará Kerala ní gúúsù Íńdíà, kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lọ́dọ̀ wa. Mo mú agolo ìyẹ̀fun náà, mo ṣàlàyé fún un wàràwàrà, agogo ń dún ní yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í pé ṣó yé e. Ó mi orí díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Yes, ma.” Mo bá tèmi lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ikọ́ láti ọ̀nà yàrá ìjókòó. Kì í ṣe ikọ́ òtútù, ikọ́ ẹni tí nǹkan há lọ́fun ni. Kí n tó débẹ̀, ojú bàbá ti pọ́n, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, ife sì wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Mo gba ife, mo dà á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tíì inú ẹ̀ ṣàn gerere. Ó bu ìyẹ̀fun sí i o, àmọ́ ṣíbí tó bù ò pé, kò sì dúró kó ki. Nọ́ọ̀sì sáré dé, a gbé bàbá jókòó ṣánṣán, a sì ń tẹ́tí sí èémí wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò dàrùn sí wọn lára.

Mo pe obìnrin náà sí ọ́fíìsì, inú ń bí mi. “Ṣebí o ní ó yé ọ?” Kò fèsì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi jókòó, torí mo mọ̀ ọ́n. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, tíṣà á dúró síwájú wa tòun ti pàsán, á ní “Ṣó yé yín?”, gbogbo wa á sì ké lẹ́ẹ̀kan náà pé “Ó yé wa, sà!” Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò yé? “Bẹ́ẹ̀ ni” tí a ń jẹ́ nígbà yẹn, ìkíni ni, kì í ṣe ìdáhùn. Obìnrin yìí kí mi, mo kà á sí ìdáhùn. Èmi gan-an ló yẹ kí n mọ̀, èmi tí wọ́n fi irú ẹ̀ tọ́ dàgbà.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣó yé e mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, “Jọ̀ọ́, po ó kí n rí i.” Gbogbo èèyàn ni mò ń sọ ọ́ fún, títí kan òyìnbó tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún, torí tó bá jẹ́ àwọn àlejò nìkan ni mò ń dán wò, mo ti sọ wọ́n di òpè lójú ẹgbẹ́ wọn nìyẹn.

A máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ohun tí mi ò mọ̀ kí n tó di ọ̀gá ni pé kò sí ẹ̀yà tí kì í sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ìdajì tí oníkálukú ń fi sínú ló yàtọ̀. Àwa máa ń rò pé òyìnbó máa ń là á mọ́lẹ̀ ni. Irọ́ ni! Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ọmọkùnrin kan tó ti Nàìjíríà dé pé, “You might want to have a look at her heels when you get a minute.” Màmá kan tí kì í lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sọ. Ohun tí ọmọkùnrin yìí gbọ́ ni pé bí àyè bá yọ, tó bá sì wù ú, kó lọ wo gìgísẹ̀ màmá. Ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì sì ń sọ ni pé: lọ báyìí. Nígbà tó fi débẹ̀, gìgísẹ̀ ti pọ́n bí epo. Tó bá pẹ́ sí i, awọ á bó, egbò ọ̀hún lè gba oṣù mélòó kan kó tó jinná. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Ọmọ náà ní nọ́ọ̀sì ò rán òun níṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́ tiwọn.

Mo pe gbogbo wa jọ nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀sán ń fa iṣẹ́ lé ẹgbẹ́ alẹ́ lọ́wọ́. Mo ní, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ara àgbà, ọ̀rọ̀ odidi la ó máa sọ: ta ni, kí ni, aago mélòó, ta ló máa ṣe é. Àwọn òyìnbó kan kọ́kọ́ ní ó dún bí àṣẹ sójà. Mo ní kí wọ́n fi “please” síwájú, kí wọ́n sì fi “now” sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tán.

Obìnrin ará Poland kan wà tó jẹ́ pé odidi nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Bí o bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò dáa, á ní kò dáa, níwájú ẹni tó bá wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ nítorí ẹ̀. Àmọ́ obìnrin ará Philippines tó bá wí lójú gbogbo ayé ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kankan ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìtìjú ni, wọ́n sì tọ́ wọn láti gbé ìtìjú mì. Mo bẹ ará Poland yìí pé kó máa sọ òótọ́ ẹ̀ lọ, kó kàn máa fa èèyàn sí kọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́.

Ojú náà ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n pe ọmọbìnrin Yorùbá kan kó wá ṣàlàyé nípa ìwé oògùn tí wọn ò buwọ́ lù. Ó wo ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó káwọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn tó jáde, òyìnbó tó bi í léèrè ní ọmọ náà ń fi nǹkan pamọ́, torí kò lè wo ojú òun. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, ìwọ̀sí ló ń fi lọ̀ ọ́. Inú mi dùn pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo tún lọ bá ọmọbìnrin náà, mo ní: “Àbúrò, Yorùbá ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ibi tí o wà báyìí, wọ́n fẹ́ rí ojú ọ̀hún. Wò wọ́n. Kì í ṣe àfojúdi níbí.” Ó ní, “Àǹtí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni ń ṣẹ̀ ni.” Mo mọ̀. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ rèé. Ará Philippines ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ate, ọkùnrin ní Kuya. Ará Kerala ń pe tiwọn ní Chechi àti Chettan. Ó dà bí ẹni pé ilé kan náà la ti wá! Àmọ́ gbogbo wa la jùmọ̀ ṣẹ àwọn òyìnbó tí à ń tọ́jú, torí ẹnu wa ò gbà á láti dárúkọ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, la bá ń pè wọ́n ní “Mama”. Inú àwọn kan ń dùn sí i. Ìyá kan tí kò bímọ rí ní tirẹ̀ sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé òun kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, orúkọ òun sì wà lára ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó rò ó débẹ̀ nínú wa. Ìwé ìtọ́jú ní àyè tí a ti ń kọ orúkọ tí àgbà kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ẹ kà á kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ̀yin méjì bá ń yí àgbà padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sọ Yorùbá kọjá lórí rẹ̀. Màmá kan di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn irú ẹ̀, ó ní ṣé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ, kò kàn án rárá, ṣùgbọ́n ìhòòhò ló wà nígbà yẹn. Ní yàrá ìsinmi, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wù yín. Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn ọ̀gá tó ń ka èdè ẹlòmíràn léèwọ̀ níbi oúnjẹ.

Ohun tó pẹ́ jù kó tó yé mi nìyí o. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ ni àṣà. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ibí ṣí físà fún olùtọ́jú láti òkèèrè, kí wọ́n tó tún tì í lóṣù keje ọdún 2025 fún ẹni tuntun tó bá fẹ́ ti òkèèrè wá. Agbanisíṣẹ́ ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà ọ̀hún. Tí iṣẹ́ bá bọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fún èèyàn láti wá onígbọ̀wọ́ míì. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà náà ò lè kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Mò ń lọ yíká kí n mọ ẹni tó ń gba ààwẹ̀, kí n lè to àkókò ìsinmi wọn sí ìgbà ìṣínu, ni ọ̀kan bá sọ pé òun ò fẹ́ ìsinmi kankan. Mo rò pé ìforítì ẹ̀sìn ni. Ẹ̀rù ló ń bà á pé tí òun bá béèrè nǹkan, wọ́n á ní òun ń dààmú wọn. Bẹ́ẹ̀, òfin ìdọ́gba ọdún 2010 kò gbà kí wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ibi tó ti wá. Látìgbà náà, tí “bẹ́ẹ̀ ni” kan bá yá jù, mo máa ń bi ara mi pé ṣé ọ̀wọ̀ ni tàbí ìbẹ̀rù. Ẹ lè fi ẹ̀kọ́ wo ti ọ̀wọ̀. Ti ìbẹ̀rù, ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ àṣìṣe nìkan ló ń wò ó sàn. Lọ́dọ̀ wa, ará Philippines yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé láti kọ oògùn kan sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, a sì sún àkókò oògùn kúrò nígbà tí à ń fa iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́, torí ariwo ìgbà náà ló fà á. Ìjẹ́wọ́ mẹ́ta míì wọlé láàárín oṣù yẹn.

Ọjọ́ Àìkú ò tíì rọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn tiwa, ará Kerala, ará Philippines, ará Zimbabwe, gbogbo wọn ló fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Méjì nínú mẹ́rin ni mo pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ Yorùbá tó bá sì pè mí láàárọ̀ pé “Àǹtí, ẹ rántí pé tiyín ni mí” mọ ohun tí màá sọ.

Obìnrin ará Kerala yẹn ló ń kọ́ àwọn tuntun báyìí. Mo kọjá níwájú ilé ìdáná lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé agolo ìyẹ̀fun sílẹ̀ níwájú ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fún un ní ṣíbí, ó sì ká apá mọ́ àyà. “Show me,” ló wí. Ọmọkùnrin náà ní ó ti yé òun. Ó tún ṣíbí náà tì sí i lọ́wọ́.