Àyẹ̀wò ọdún mi: ẹ̀bùn oníròyìn tí a fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ti ara mi kò ní gùn. Ara le, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, owó oṣù pẹ́ kó tó wọlé (ta ni tiẹ̀ ò pẹ́?). Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kan gbé lé èmi àtàwọn mélòó kan lọ́wọ́: kí a kọ òfin ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ máa fún oníròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ta yọ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì lọ́wọ́ sí owó rẹ̀.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n tó rántí irú àwọ́ọ̀dù tó pọ̀ nílẹ̀ yìí. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹ pé o yẹ lẹ́ni tí à ń yẹ́ sí, ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn kan náà lo ti máa rí iye tí o máa san fún tábìlì. Ọ̀pọ̀ dígí tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ àwọn èèyàn ńlá wa, owó ara wọn ni wọ́n fi rà á. Bí tiwa náà bá máa rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú fi owó náà tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Mo sì ní ẹ̀rọ omi kan lọ́kàn. Inú ọjà kan ló wà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ ẹni tó gbé e fún wọn ṣì ń dán, ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n fi so ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ewúrẹ́ ló sì ń sùn lórí sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀. Mo tú okùn náà, mo gbé fóònù mi sún mọ́ ọn, mo ń fà á, kí olùgbọ́ lè gbọ́ bó ṣe ń han láìsí ẹ̀kán omi kan. Ohùn yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn mi lórí rédíò, kí n tó sọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan pè láti ọ́fíìsì kan pé ṣé a kò fẹ́ ìpolówó wọn mọ́ ni. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe níkẹyìn, omi ń yọ títí di àná.

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fi ń wọn ẹ̀bùn wa wò. Ṣé ó lè gbà á? Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí alága ìbílẹ̀ jẹ́ olórí àwọn adájọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni owó ti ń bọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta ni yóò wá fún ẹni tó tú àṣírí alága lẹ́bùn?” Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bóyá kí a má fún onítọ̀hún. A fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló dá sí i pé ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. A kúkú mọ ẹ̀gúnjẹ nínú iṣẹ́ yìí; kò yẹ kí a tún wé láwàní fún un.

N kò sọ pé owó ìlú jẹ́ èèwọ̀. Ìlú Vienna ní Austria ní ẹ̀bùn tó fi ń yẹ́ àwọn tó ń kọ ìròyìn sí, lára ọ̀wọ́ ẹ̀bùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Àwọn adájọ́ ló ń yan orúkọ síwájú ìjọba ìlú. Joseph Pulitzer, oníwèé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, ní tiẹ̀ kú ní 1911, ó fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ fún Yunifásítì Columbia ní New York, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 1917. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ kankan kò bá kájú ìwọ̀n ní ẹ̀ka kan, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Ẹ̀bùn yìí ni Dele Olojede, ọmọ Modákẹ́kẹ́, gbà ní 2005 fún ìròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Newsday ti Amẹ́ríkà lórí Rwanda, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpakúpa ibẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló sì yẹ ká máa ṣọ́ jù báyìí. Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, láìgba ọwọ́ gómìnà. Ta ni yóò bá wa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ná an?

Mo tún jà fún Yorùbá. Fọ́ọ̀mù ìdíje kan tí mo gbà lọ́dún yìí ní kí n kọ gbogbo ìròyìn mi ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Mo dá a padà. Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ l’Ábẹ́òkúta ní 1859, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Lórí èyí, gbogbo ìgbìmọ̀ gbà fún mi, ó yà mí lẹ́nu.

Ibi tí a bá a dé nìyí: owó ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti wọ báńkì kí a tó kéde ohunkóhun, àwọn adájọ́ yóò wá láti ìta, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kankan kò sì ní sí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n kò tíì fọwọ́ sí apá tó kẹ́yìn yẹn. Èmi kò ní díje, torí mo wà lára àwọn tó kọ òfin. Oṣù Kìíní la máa gbé ìwé náà síwájú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ lọ́yà tó lè bá wa yẹ àdéhùn báńkì wò lọ́fẹ̀ẹ́, kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ̀rọ̀ kí ọdún tó yí.