Orúkọ tí mo fẹ́ kí àyọkà E-ZPass jẹ́

Mo máa ń kọ àyọkà sórí Wikipéédíà Yorùbá nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ti E-ZPass, ètò tí wọ́n fi ń gba owó ibodè lọ́wọ́ awakọ̀ láìdá mọ́tò dúró ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ohun tí màá kọ sínú rẹ̀ kò le. Àkọlé rẹ̀ ni èmi àtàwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹnì kan ní kí á fi Yorùbá pọ́ńbélé pè é. Ẹlòmíràn ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ló yẹ kó wà lókè. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ ní Chicago sì fàáké kọ́rí pé I-Pass, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Illinois, lòun mọ̀. Ní tèmi, E-ZPass ni kó jẹ́, pẹ̀lú ìlà kékeré tó wà láàárín E àti Z, kí gbogbo orúkọ yòókù sì máa júwe ọ̀nà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ọ̀nà ṣàlàyé. Maryland ni mò ń gbé. Bí a bá ń lọ òde ní Staten Island, inú ihò ọ̀nà Fort McHenry ní Baltimore la ti ń kọ́kọ́ sanwó. Tí a bá dé afárá Tydings tó gorí odò Susquehanna, a ó tún san. Ẹni tó ń lọ sápá àríwá nìkan ló ń san ti ibẹ̀. Delaware á gba tirẹ̀ ní Newark. Afárá Delaware Memorial kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa tí a bá ń lọ, àbọ̀ ló ń gba tirẹ̀. Ó wá ku ọ̀nà márosẹ̀ New Jersey Turnpike, tó jẹ́ pé bí ìrìn ṣe jìn tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó, lẹ́yìn náà afárá Goethals tó wọ Staten Island. Àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo owó wọ̀nyí ń lọ, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n táàgì kékeré kan ṣoṣo ló wà lára gíláàsì iwájú mọ́tò wa láti ilé títí dé òde.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ sórí irin tó dábùú ọ̀nà. Bí mọ́tò bá ń gba abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á pe táàgì lórí ìgbì rédíò, táàgì á fi nọ́ńbà tirẹ̀ dáhùn, wọn á sì yọ owó nínú àkáǹtì tí onímọ́tò ti san owó sí tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà tún wà tó ń ya nọ́ńbà mọ́tò, kí ìwé owó lè bá ẹni tí kò ní táàgì délé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn á wá ṣírò láàárín ara wọn, kálukú á gba tirẹ̀.

Ìjọṣepọ̀ yìí gan-an ni E-ZPass. Ilé-iṣẹ́ agbowó-ibodè méje láti New York, New Jersey àti Pennsylvania ló para pọ̀ dá a sílẹ̀, kí awakọ̀ má baà máa lẹ táàgì mẹ́ta mẹ́rin mọ́ gíláàsì. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ní Spring Valley lórí ọ̀nà Thruway ti New York. Àwọn kan ti ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Dallas ti ní TollTag láti 1989, Oklahoma sì ní PikePass láti 1991. Àmọ́ ìlú wọn nìkan ni táàgì wọ̀nyẹn wà fún nígbà náà. Bí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe wá ń darapọ̀ mọ́ E-ZPass, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ tiwọn sílẹ̀. Tiwa ní Maryland ń jẹ́ M-Tag. Ti Virginia ń jẹ́ Smart Tag, ti Maine ń jẹ́ TransPass. Massachusetts lo Fast Lane títí di 2012. Minnesota pa MnPass tì ní 2021. Illinois wọlé ní 2005, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú I-Pass, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti Chicago ṣe ń jà.

Ọmọ lè gba orúkọ mẹ́fà lọ́jọ́ ìkómọ, ti ìyá àgbà, ti bàbá àgbà, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ni wọ́n á kọ síwájú nílé-ìwé, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi èyí tó kù pè é, òun náà ni yóò jẹ́. Ohun tí àtúnjúwe ń ṣe lórí Wikipéédíà nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ Fast Lane tàbí M-Tag yóò bá ara rẹ̀ nínú àyọkà E-ZPass, yóò sì rí i níbẹ̀ pé orúkọ àtijọ́ ni. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Àwọn àgbàlagbà wa tó ti wà níbí láti ìgbà náà ṣì ń pe nǹkan ní orúkọ tí wọ́n bá a.

Ẹni tó ní kí á fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣe àkọlé, mi ò lè gbà fún un. Port Authority ti New York àti New Jersey ló fi orúkọ E-ZPass sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n afárá àti ihò ọ̀nà tiwọn nìkan ni wọ́n ń gbowó rẹ̀. Tí a bá fi orúkọ wọn ṣe àkọlé, irọ́ la pa mọ́ Maryland àti Maine. Wọ́n ti ní irú rẹ̀ ní Jámánì. Owó tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń san lójú ọ̀nà Autobahn láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2005 ń jẹ́ LKW-Maut. Toll Collect ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ọ̀kan ní èkejì. Ìwé ìmọ̀ kò gbọdọ̀ fi kún ìdàrúdàpọ̀ yẹn: owó lọ́tọ̀, agbowó lọ́tọ̀.

Ti bí a ṣe ń kọ ọ́ ńkọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe Z ní “síì”, nítorí náà E-Z lẹ́nu wọn ń dún bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “ó rọrùn”. Àwa tí a kàwé ní Nàìjíríà, “sẹ́ẹ̀dì” ni wọ́n kọ́ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ń pè é ní “í-sẹ́ẹ̀dì-páàsì” kó tó yí i padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ àtúnjúwe láti EZPass, EZ Pass, Easy Pass, àti Ísípáàsì pàápàá, nítorí bí mo ṣe ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ ọ́ nínú WhatsApp ẹbí nìyẹn.

Àwọn kan máa sọ pé kí ló kan ìlà kékeré. Ó kàn wá gan-an. Ní oṣù Kẹrin 2024, FBI kìlọ̀ nípa àwọn oníjìbìtì tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kiri bíi pé ilé-iṣẹ́ owó ibodè ni wọ́n. Ẹjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ FBI nígbà náà lé ní 2,000. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n máa ní o jẹ, wọ́n á ní owó ìtanràn ńlá ń bọ̀ tí o kò bá san, wọ́n á sì fi líǹkì sí i. Àǹtí mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gba irú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ san án kó lè sùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá orúkọ náà wò lórí fóònù. Ẹni tí ẹ̀rù gbèsè ń bà kì í wo ìlà kékeré tó bá ń wá nǹkan. Bó ṣe wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí irú wọn kan àyọkà tó wà lédè abínibí wọn, tó fi bí orúkọ náà ṣe rí gan-an hàn wọ́n, tó sì sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ti ń san tirẹ̀.

Ní ti orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, mo fẹ́ ẹ, àmọ́ fún àyọkà mìíràn. “Owó ibodè orí ẹ̀rọ” ni kí àyọkà gbogbogbòò jẹ́, kí ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbodè tó ń jókòó sẹ́nu ibodè odi ìlú, tó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ibẹ̀ ni e-tag ti Lekki yóò wà, ti ọ̀nà tí wọn kò gba owó níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù Kẹwàá 2020. Ibẹ̀ náà ni Dart Charge, owó ibodè ti Dartford ní England, yóò wà, níbi tí àwọn ará wa tó ń gbé ní Essex àti Kent ti ń kọjá. Wọ́n ti kó àgọ́ agbowó kúrò níbẹ̀ láti 2014, nọ́ńbà mọ́tò ni kámẹ́rà ń kà. Tí a bá pe E-ZPass nìkan ní “owó ibodè orí ẹ̀rọ”, ibo la fẹ́ kó àwọn yòókù sí?

Ó ku SunPass, táàgì ti Florida, tó ti wà láti 1999. Láti 2021 ni ọ̀nà Turnpike wọn ti ń gba E-ZPass. Oríṣi táàgì wọn tó ń jẹ́ SunPass Pro sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibi tí E-ZPass ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ́ SunPass Mini kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àyọkà tirẹ̀ ló tọ́ sí i. I-Pass ló ṣòro jù fún mi. Táàgì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo bíi ti Maryland, ìdí tí mo fi fẹ́ fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú àyọkà E-ZPass, kí àtúnjúwe sì mú ẹni tó bá wá a lọ tààrà sí ìpín yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Illinois àti Indiana, tí ẹ bá ń sọ Yorùbá nínú mọ́tò, kí lẹ ń pè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi kí n tó gbé àyọkà náà jáde.