Ẹ Má Jẹ́ Kí Bátìrì Yín Kún Lórí Òkè: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́nà Ẹ̀fọ̀n

Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òórùn bíréèkì tó ń jóná kò tíì kúrò nímú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tó ṣì ń dùn mí, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa háíbíríìdì, ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì, tá a máa ń fi iná ilé ṣáájì, ti ń pọ̀ sí i ní Iléṣà níbí, ohun tó sì tàn mí jẹ ló ń tan ọ̀pọ̀ yín jẹ: pé tá a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bátìrì á máa kún fúnra rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tàbí tẹ́ ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà tẹ́lẹ̀ á di èyí tí táyà ń yí. Á wá máa ṣiṣẹ́ bíi jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìyẹn náà lá sì máa dín eré ọkọ̀ kù. Mò ń gbádùn rẹ̀ gan-an nígboro. Láti Ìsọ̀kùn dé Ọjà Atákúnmọ́sà, nínú kòtò àti ọ̀kadà, kò sí ibi tí n kì í ti í tẹ bíréèkì, iná tó ń padà sì máa ń hàn lójú mítà.

Lọ́jọ́ Sátidé a lọ sìnkú àna wa kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, a sì sùn síbẹ̀. Sólà wà nílé tá a sùn, wọ́n ní kí n ki wáyà bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bátìrì ti pé 100. Inú mi dùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé a ò ní jó epo dé Iléṣà.

Màmá mi àti ọmọ wa jókòó sẹ́yìn. A bọ́ síbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ sí Ìtawúrẹ́, igbó lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Mo tẹ bíréèkì, mo wojú mítà. Abẹ́rẹ́ tó máa ń lọ síbi àwọ̀ ewé kò mira. Mo rò pé mítà ló bàjẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ pé bátìrì ti kún, kò ríbi gba iná sí mọ́, gbogbo ìtẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ti di páàdì tó ń ha irin lásán. Tírélà kan tó kó pákó wà níwájú wa, ó ń rọra lọ. Ni òórùn bá dé. Màmá mi ní, "Àjàní, kí ló ń rùn?" N kò dá a lóhùn. A dé kọ́nà kan, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn tírélà yẹn ń tóbi sí i lójú mi, mò ń wo okùn tí wọ́n fi di pákó náà ní kókó-kókó. Màmá ò bi mí ní nǹkan kan mọ́, Sáàmù ló ń kà.

Ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó fi Píjò 504 kọ́ mi lọ́kọ̀ wíwà ni mo gbọ́: "Jíà tó o fi gun òkè ni kó o fi sọ̀." Mo fa jíà sí B, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dín eré ọkọ̀ kù. Ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ sì fà sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n di èèyàn láṣọ mú. Mo rí òkìtì yanrìn kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo tẹ̀ sínú rẹ̀. Èéfín ń yọ lára táyà iwájú lọ́tùn-ún. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó tutù, a fi B rọra wálé. Mẹkáníìkì pààrọ̀ páàdì àti ọ́ìlì bíréèkì lọ́jọ́ Ajé, ó tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ ọkọ̀ wà, mo ti wakọ̀ ju ogún ọdún lọ. Òótọ́ ni pé ọ́ìlì bíréèkì yẹn ti pẹ́ nínú ọkọ̀, ó ti fa omi sára, èyí tó bá sì ti fa omi máa ń tètè hó tí bíréèkì bá gbóná, ìyẹn ló mú kí ẹsẹ̀ mi rì. Torí páàdì kì í tètè jẹ lára ọkọ̀ wọ̀nyí ni mi ò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yẹ tiyín wò. Ṣùgbọ́n ká ní àyè wà nínú bátìrì ni, páàdì ì bá má gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá sùn sórí òkè, ẹ yọ wáyà kó tó kún. Èmi á máa dá a dúró ní 80. Ọkọ̀ míì máa ń fi ẹ́ńjìnnì dín eré kù fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá kún. Tèmi, àfi tí mo bá gbé jíà sí B. Ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́ kẹ́ ẹ tó dé gẹ̀rẹ́.

Iná ọ̀fẹ́ tá à ń lé kiri yẹn náà kò tó nǹkan. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,800 pẹ̀lú èrò, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní 100 mítà, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì yúnìtì iná (0.5 kWh) lọ. Atẹ́gùn á bù níbẹ̀, táyà á bù níbẹ̀, ẹ̀rọ náà á bù tirẹ̀. Èyí tó kù kò lè gbé yín ju bíi kìlómítà 2 lọ. Ohun tẹ́ ẹ fi gun òkè kò lè padà tán. Ẹni tó bá sì ń tẹ bíréèkì lójijì, páàdì ló ń fún, kì í ṣe bátìrì. Ẹ tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tí eré bá pọ̀ tí kò sí ìdúró, kò sí nǹkan tó ń padà rárá. Ìgboro ló ti wúlò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú bátìrì kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ìrántí ogójì ọjọ́ ń bọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, màmá mi sì ti ní bọ́ọ̀sì lòun máa wọ̀. Mi ò bá a jiyàn.