Larí àti àkísà ẹ̀bá kànga

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Keje

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ò tíì dá. Larí, ọmọ ajá mi, ti sùn sínú páálí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fi imú ti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ kọ tòní sílẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé bó ṣe rí, torí ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí mo ti ń retí rẹ̀.

Nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí agogo mẹ́fà àárọ̀ lù, mo gbọ́ ìró èékánná lórí táìsì, kẹ́ kẹ́ kẹ́. Mo ti mọ ìrìn yẹn. Tó bá ti ń rìn báyẹn, tó ń gbóòórùn ilẹ̀, tó wá ń yí po lójú kan náà, ìtọ̀ ti dé nìyẹn. Mo fò dìde. Kí n tó dé pálọ̀, ó ti kọjá ẹ̀yìn máṣíìnì, ibi tó máa ń lọ lójoojúmọ́, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjèèjì bí ẹni fẹ́ já bọ́, ó lọ tààrà sórí àkísà tí mo tẹ́ sórí koríko lẹ́bàá kànga, ó sì tọ̀. Ó tọ̀ dáadáa. Mo dúró sínú ìrì láìwọ bàtà, mo ń kì í bí ẹni ń kì ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn, omi sì lé sí mi lójú.

Lhasa ni, irú ajá kékeré onírun gígùn tó wà káàkiri báyìí. Tíbẹ́tì ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ń sìn wọ́n sínú ilé ìsìn wọn kí wọ́n máa ṣọ́ ibẹ̀, kí wọ́n ké bí àjèjì bá yọjú. Kì í ṣe ajá ọdẹ tí ń dúró de ohùn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó bá rò lọ́kàn ara rẹ̀ ló máa ń ṣe. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mo fẹ́ ra Lhasa ló ní olóríkunkun ni wọ́n, pé màá rí i.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ojúlarí. Màmá mi ló sọ ọ́ lórí fóònù láti Ìkìrun, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè fi bá ará ilé àti aládùúgbò wí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Màámi, ta lẹ fẹ́ kí n bá wí?" Wọ́n ní ẹni tó bá kàn á mọ ara rẹ̀. Èmi ò ní ẹni tí mo fẹ́ bá wí. Mo gé e kúrú sí Larí, torí ajá máa ń tètè mọ orúkọ tí kò gùn.

Télọ̀ ni mí, inú ilé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, níbí ní Alékúwodò. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá ń ránṣọ l'Óṣogbo mọ bí ilé télọ̀ ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Aṣọ funfun lọ́tùn-ún, ẹgbẹ́jọdá lósì, àjákù ankárá àti ti gínì káàkiri ilẹ̀. Orí àwọn àjákù yẹn ni Larí ń tọ̀ sí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo kà á lọ́jọ́ kẹta, ìgbà méjìlá ló tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bọ́ síta nínú rẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ lórí tówẹ̀ẹ̀lì tó já bọ́ láti orí okùn ìsáṣọ. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé tówẹ̀ẹ̀lì yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé màá gbé e síta, màá dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú, á máa lé eèrà, á máa já koríko jẹ, kò ní tọ̀. Bá a bá ti wọlé báyìí, ó ti di ẹ̀yìn máṣíìnì. Mo ní àfojúdi ni. Mo ní ajá yìí mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo ṣe ohun tó ṣì ń dùn mí títí di alẹ́ yìí. Màmá mi ti sọ pé kí n fi imú rẹ̀ ra á, kí n sì nà án. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ajá tí a sìn nílé bàbá mi nìyẹn. Wọn ò parọ́, àmọ́ ìta làwọn ajá yẹn ń gbé, ìkankan nínú wọn ò sun pálọ̀ rí. Mo di Larí lọ́rùn mú, mo tẹ imú rẹ̀ mọ́ ibi tó tọ̀ sí, mo fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Kò ké. Ó kàn yí ara padà, ó dojú ikùn sókè. Awọ ikùn rẹ̀ tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ hu irun ń lù kì kì kì. Ìtọ̀ díẹ̀ tún yọ, ó ṣàn gba itan rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àkànní, ọmọ mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Màámi, ẹ̀rù yín ló ń bà á yẹn o."

Láti ọjọ́ yẹn ni Larí ò ti tọ̀ níṣojú mi mọ́. Bí mo bá wà nítòsí, á mú un mọ́ra, ìbáà jẹ́ níta. Á dúró títí màá fi yíjú, á wá sá lọ sẹ́yìn máṣíìnì. Mo fẹ́ kọ́ ọ pé kó má tọ̀ sínú ilé, ohun tí mo kọ́ ọ ni pé kó máa sá fún mi tó bá fẹ́ tọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan ẹlòmíì. Àlàájà tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra tẹ́ ẹní ìkírun wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó lọ ṣe àlùwàlá. Èmi ń bá oníbàárà wo aṣọ, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò pa dé. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n ní, "Ìyá Àkànní, wá wo nǹkan." Kẹ́tù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, omi àlùwàlá ń kán ní ìgúnpá wọn. Larí dúró sí àárín ẹní, ibi tó tọ̀ sí ń tàn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

"Dìde. Èmi ò bá ẹ jà. Àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń nù lásán lórí ẹní tó fi ń kírun. Ìrun ti tó báyìí. Kí ni kí n tẹ́?"

Mo sáré lọ mú ìró kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wá fún wọn. Mo fọ ẹní náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra tuntun ní ọjà Ìgbọ̀nà. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì ní, "Kọ́ ọ o. Mi ò ní kó o lé e lọ, ṣùgbọ́n kọ́ ọ." Bí wọ́n bá ti pariwo mọ́ mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí mo ra ẹní yẹn náà ni Larí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti gbà. Dókítà ẹranko ń sọ ti parvo fún mi, àrùn inú tó máa ń pa ọmọ ajá, pé kó má tíì rìn lójú títì tàbí níbi tí ajá ẹlòmíì ń gbà títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, pé tó bá pé oṣù mẹ́ta ká mú un wá gba ti dìgbòlugi. Èmi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ìtọ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní ọmọ ajá tó pé oṣù méjì ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọmọ, àti pé ajá kékeré, àpò ìtọ̀ rẹ̀ kékeré ni. Tó bá jí, ẹ gbé e síta. Tó bá jẹun tán, ẹ gbé e síta. Tó bá ṣeré tán, bákan náà. Wọ́n ní nínà tí mo nà án ò lè yé e, torí kò mọ̀ pé ìtọ̀ tí òun tọ̀ ṣáájú ni mo ń tìtorí rẹ̀ bínú. Bí mo bá sì fẹ́ yìn ín, kí n ṣe é lójú ẹsẹ̀ tó bá tọ̀ tán, kó má tíì kúrò lójú kan.

Wọ́n wá bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí. "Níbi tẹ́ ẹ ti rà á, kí ni wọ́n tẹ́ sí wọn nídìí?"

Mo ronú. Mo rí kéèjì náà lọ́kàn mi, àwọn ọmọ ajá márùn-ún, àti àkísà. Àkísà lórí àkísà, aṣọ ògbólógbòó tí wọ́n ń pààrọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Dókítà ní ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Láti kékeré ni ọmọ ajá ti ń mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí, nígbà tó bá sì fi máa pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti yan irú ilẹ̀ tó wù ú. Ti Larí, aṣọ ni. Bó bá dúró sórí koríko, kò rí ilé ìtọ̀ níbẹ̀. Bó bá rí àjákù ankárá, ilé ìtọ̀ rèé. Ẹní Àlàájà, tówẹ̀ẹ̀lì, gígé aṣọ ẹ̀yìn máṣíìnì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ọmọ yìí ò ṣoríkunkun rárá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ló dì mú ṣinṣin, ó wá bọ́ sílé télọ̀!

Mo gbé e mọ́ àyà láti ibẹ̀ dé ilé. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó jọ aṣọ ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Mo ra ike ńlá méjì fún àjákù. Mo mú ọ̀kan nínú àkísà tó ti tọ̀ sí, mo tẹ́ ẹ sórí koríko lẹ́bàá kànga, mo fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ la ń lọ ní gbogbo ìgbà, okùn lọ́rùn rẹ̀, láìbá a ṣeré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ń sọ, "Larí, tọ̀." Àkànní kọ́kọ́ fẹ́ máa sọ pé "ó yá, jẹ́ ká lọ tọ̀ ná," mo ní rárá, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òyìnbó nìkan ni ajá ń gbọ́. Ajá ń gbọ́ ohun tó bá ń gbọ́ lójoojúmọ́. Tó bá ti tọ̀, ẹ̀dọ̀ adìẹ tí mo sè láìfiyọ̀ sí, tí mo gé bí ẹ̀wà, ti dé ẹnu rẹ̀.

Fún ọjọ́ méjì, kò tọ̀ níṣojú mi síbẹ̀. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i, màá di okùn mú lẹ́yìn mi, màá máa wo ògiri. Lọ́jọ́ kẹta mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ìró ìtọ̀ lórí àkísà. Mi ò yíjú kíákíá. Mo na ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn, mo gbọ́ imú rẹ̀ tútù lọ́wọ́ mi.

Nínú ilé, mo pa oògùn ìfọlẹ̀ olóòórùn líle tì. Àwọn kan nínú wọn ní amóníà, òórùn amóníà sì jọ ti ìtọ̀, ńṣe ló ń pè é padà. Fínígà ìdajì, omi ìdajì ni mo fi fọ ẹ̀yìn máṣíìnì. Mi ò da bílíìṣì sí ibi tí ìtọ̀ bá wà, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ò dára fún ènìyàn àti ẹranko.

Àràárọ̀ ni mò ń fi sísọ́ọ̀sì gé àkísà náà kéré sí i. Bí àpò ìrọ̀rí ló tó lákọ̀ọ́kọ́. Lónìí, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà lórí koríko báyìí, òun fúnra rẹ̀ ò tíì mọ̀.

Òjò ìrọ̀lẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀hún pé. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo mú un jáde, ó fi ẹsẹ̀ kan kan koríko tútù, ó fà á sókè. Mo gbé e lọ sórí àkísà. Ó gbóòórùn, ó gbóòórùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Òjò ti fọ òórùn náà dànù, mi ò ro ìyẹn rárá. A wọlé. Aṣọ inú kan, irú èyí tí télọ̀ fi ń tẹ́ inú aṣọ tó ń rán, ti yọ̀ bọ́ láti orí tábìlì, Larí gùn ún, ó tọ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan. Aṣọ inú ti ara mi ni, mo dúpẹ́ pé kì í ṣe gínì oníbàárà. Mo gé ibi tó tọ̀ sí kúrò, mo mú un jáde lọ tẹ́ sí abẹ́ òrùlé, níbi tí òjò ò dé, mo ń wá òkúta nínú òkùnkùn. Wíńdò Àlàájà ṣí.

"Ìyá Àkànní, ṣé ó ti tọ̀?"

"Inú ilé ni mà. Òjò ò jẹ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n na agbòjò ńlá kan sí mi, èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ sí Jímọ̀. "Máa fi bò ó. Irun rẹ̀ ti pọ̀ jù, òtútù á mú un."

Agbòjò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ mẹ́ta nínú àwo kékeré. Mo ti fi fóònù sí agogo méjì òru. Larí ṣẹ̀ṣẹ̀ yíra padà nínú páálí, ó mí kanlẹ̀, ó tún ti ń hanrun.