Òṣó ni mo ló lọ́dún yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Ètè mi ti bẹ́ débi pé tí mo bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n ẹ̀jẹ̀ ló máa yọ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àwàdà kankan níbí, ẹ bá mi rín in. Ó yẹ kí àyẹ̀wò ọdún yìí ti jáde láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò kàn wù mí kọ ni.

Ẹ má bi mí ní nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kìíní sí ìkẹrin. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Lọ́dọ̀ tèmi, oṣù karùn-ún lọdún yìí bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí Bàámi lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n ní Alága Ìrìn, nígbà tí mo máa ń ráhùn pé wọ́n tún kan ilẹ̀kùn mi laago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí pé ká rìn láti Ìsọ̀kun dé Ẹ̀rẹ̀jà n'Iléṣà níbí, tí màá máa wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé wọn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ẹni ọdún 76 ló ń dúró de ẹni ọdún 41.

Ìwé kan wà. Ìwé ọmọléèwé lásán, wọ́n fi òwú so bírò mọ́ ọn. Àràárọ̀ ni Bàámi ń wọn BP wọn síbẹ̀, déètì, nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, àti oúnjẹ alẹ́ àná. Dókítà ti sọ fún wọn pé tó bá ti ń dé 140/90 lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, pé iyọ̀ òòjọ́ ò gbọdọ̀ kún ṣíbí tíì kan. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan mo bá "148/92. Iyán. Mo mọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, "mo mọ̀", bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ìlà mẹ́rin péré ló wà ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ yẹn o, Mọ́mì wà ní pálọ̀, wọ́n á bi mí ohun tó ṣe ojú mi, màá tún ní ọyẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú (ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ìwọ tó o gbé kúlà wa lọ náà, mo rí ẹ) mi ò rìn mọ́, aláǹtakùn kọ́lé sínú bàtà mi. Mo ń dúró kó wù mí. Mo wo fídíò àwọn tó ń pariwo pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ èèyàn lára, mo dán an wò, lọ́jọ́ kẹrin mo ti padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni wọ́n tiẹ̀ ń pa. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní University College London, tó jáde ní 2009, èèyàn 96 ni wọ́n lò, nínú àwọn tí èsì wọn ṣeé ṣírò dáadáa, ìdajì lo ọjọ́ 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di nǹkan tí wọ́n ń ṣe láìronú, ẹlòmíì lo 18, ẹlòmíì, wọ́n ṣírò ẹ̀ sí 254. Ẹ̀gbẹ́ 254 lèmi wà, mo ti forúkọ sílẹ̀. Ohun tó tù mí nínú ni pé wọ́n ní ọjọ́ kan tí èèyàn bá fò ò ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Ìbejì aláàkàrà ló jí mi. Ó ní, "Bàbá Dunsin, ẹ ò rìn mọ́ ni? Bàbá ni mo fi ń mọ aago o, tí wọ́n bá ti kí mi kọjá ni mo ń gbépo kaná, ní báyìí mo kàn ń ṣe é bó ṣe bá mi." Lọ́jọ́ kejì mo dìde, kì í ṣe torí ìlera, torí àkàrà ni.

Bàbá Bàámi, òṣómàáló ni wọ́n, wọ́n ń ru aṣọ lọ tà láwìn káàkiri Èkìtì, tí ìgbà owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òṣó ni wọ́n máa ló títí owó á fi jáde. Bàámi bi mí nígbà kan pé, "Ṣé o rò pé ó ń wu bàbá mi? Orúnkún ń dùn wọ́n. Àmọ́ ibẹ̀ lowó wà."

Torí náà mo gbé bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n máa kọsẹ̀ lára ẹ̀, mo sì bá ara mi dúnàádúrà pé kí n ṣáà dé ìdí pọ́ǹpù, tí kò bá wù mí kọjá ibẹ̀, kí n padà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo padà. Ó di oṣù kẹsàn-án kí n tó lè kọ nǹkan sábẹ́ ìlà kẹrin yẹn, bírò wọn ni mo fi kọ ọ́, "132/86. Ẹ̀wà. Pọ́ǹpù." Mọ́mì gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bíi bàbá ẹ gẹ́lẹ́. Àmọ́ òun kì í purọ́, iyán lo jẹ."

Ìwé ọ̀hún ti fẹ́ẹ̀ kún báyìí. Mo ti ra òmíì lọ́jà Àtakúmọ̀sà, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò tíì kọ orúkọ sí i.