Àlàájì ra jíà bí ẹni ra àgbò

"Bìg Dádì kúkú ni gbogbo wọn." Ohun tí Àlàájì sọ fún mẹkáníìkì rẹ̀ nìyẹn nígbà tó ti Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, dé, tó gbé jíà tòkúnbọ̀ kan sí búùtù, tó fi àpò ìrẹsì wé e. Camry 2003 ni tirẹ̀, jíà rẹ̀ sì ti ń yọ̀: yóò tẹná, ẹ́ńjìnì á ké, ọkọ̀ á dúró máa wò ó. Ó wá lọ ra òmíràn bí ẹni ra àgbò Iléyá. Ó gbá a lẹ́yìn, ó gbóòórùn oìlì rẹ̀ bóyá ó ń rùn bí ohun tó jóná, ó rí i pé ara rẹ̀ ń dán, ó ná an títí, ó sanwó. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò wò.

Láti 2002 dé 2006 ni Camry tí à ń pè ní Bìg Dádì. Èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ẹ́ńjìnì kan náà ni, 2AZ. Jíà ló yí padà: U241E, oní-mẹ́rin, títí dé 2004, láti 2005, U250E, oní-márùn-ún. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò jókòó sára ẹ́ńjìnì yẹn, bóòtì á sì wọ ihò wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bréènì bọ́ọ̀sì 2003, kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì àti jíà, kò gbọ́ rí pé nǹkan kan ń jẹ́ jíà karùn-ún.

Mẹkáníìkì rí sọ́kẹ́ẹ̀tì. "Àlàájì, ẹnu wọn ò bára mu o."

"Ẹ pe rẹ́wáyà."

Rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, dé, ó gé e, ó so pupa mọ́ pupa, funfun mọ́ funfun, bí ẹni ń to aṣọ ẹbí. Wáyà ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ó fi téèpù dì wọ́n. "Àwọn yìí ò wúlò." Àwọn sòlẹ́nọ́ìdì tó ń pààrọ̀ jíà ló mà ń gba àṣẹ láti ara wáyà wọ̀nyẹn!

Ọjọ́ Sátidé, Àlàájì àti ìyàwó wọ aṣọ òde, ó di ibi ìgbéyàwó. Wọn ò tíì dé títì ńlá tí iná ẹ́ńjìnì fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí jíà sì há sójú kan. Bí bréènì bọ́ọ̀sì bá pàṣẹ tí sòlẹ́nọ́ìdì kò dáhùn bó ṣe yẹ, ṣe ló máa ń ti ọkọ̀ mọ́ jíà kan kí onítọ̀hún lè rá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀kadà kọjá wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá wọn, ọmọdé inú rẹ̀ juwọ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ìyàwó tún gèlè rẹ̀ ṣe: "Bàbá Rídwán, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ tì í ni?"

Ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ìdáhùn wà látìgbà yìí wá. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ A/TM sí, kóòdù jíà wà lára ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Wọ́n padà lọ ra U241E. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹkáníìkì kọ́kọ́ dojú kọ torque converter, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún jíà, róbótó bí ìkòkò ọbẹ̀: ó ń yí i, ó ń tì í, títí ó fi dún "kọ́", tó tún dún "kọ́", tó rì wọnú. Ọmọ-iṣẹ́ tó bá kánjú, tó ń fi bóòtì fa jíà mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí converter kò tíì wọlé tán, pọ́ǹpù inú jíà ló ń fọ́. Bí méjèèjì bá ti pàdé, converter gbọ́dọ̀ ṣì máa yí fàlàlà, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín òun àti pléètì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó dè é. Oìlì T-IV ni jíà U241E ń mu. Ẹ máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ọ̀pá jíà ti P dé L kó tún padà sí P, kí ẹ tó fa dípsítíìkì.

Ẹni tó tà á kọ̀, kò gba U250E padà: "Ẹ ti gé ẹnu rẹ̀, ọ̀gá mi." Ẹ̀yìnkùlé Àlàájì ló wà báyìí. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ń dín àkàrà, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó ní kò sí àpótí tó le tó o lọ́jà.