Kí ẹ tó sọ pé fíìmù Yorùbá ti bàjẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ àṣekágbá lórí fíìmù Yorùbá ni pé "fíìmù ìsinsìnyí kò tó ti àtijọ́ mọ́" kì í ṣe àbájáde ìwádìí. Àròyé lásán ni. Ó di iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ẹ bá bi í léèrè pé: kí ló yí padà gan-an? Ṣé èdè ni, àbí gígùn, àbí ìmúra, àbí ohun tí òfin gbà láàyè? Ta ló sì fi ìwọ̀n yẹn lélẹ̀? Ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń dá òṣèré àti olùdarí lẹ́bi fún, ọjà ló fà á, tàbí ohun èlò tó wà lọ́wọ́.

Ẹ wo "apá kìíní, apá kejì" tó máa ń bí ènìyàn nínú. Síìdì fídíò, ìyẹn VCD, kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ìtàn tó bá gba wákàtí méjì, àfi kó bọ́ sórí síìdì méjì. Nígbà tí mákẹ́tà, ìyẹn ẹni tó ń gbé fíìmù sọ́jà, wá rí i pé ẹni tó ra apá kìíní kò ní ṣàì wá apá kejì, ìtàn tí kò tó nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn: ọkọ̀ á dé ẹnu géètì, á fun fèrè, ẹ̀ṣọ́ á ṣí i, á tún tì í, ọ̀gá á sọ̀kalẹ̀, á rìn títí dé pálọ̀, gbogbo rẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ má yára dá síìdì nìkan lẹ́bi. Káséètì VHS tí wọ́n kọ E-180 sí lára ń gba wákàtí mẹ́ta, síbẹ̀ àwọn kan ti ń pín fíìmù sí apá méjì mẹ́ta lórí rẹ̀. Ti káséètì, ọjà ni; ti síìdì, ọjà àti àyè ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, olùkọ́ rẹ̀ á mú un níbẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn, nígbà tó jẹ́ fíìmù gidi (celluloid) ni wọ́n fi ń ya àwòrán, róòlù 16mm tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹ ó rà á, ẹ ó tún sanwó kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ta ni yóò fi ìṣẹ́jú méjì ya géètì? Lórí YouTube ní tiwa, ìpolówó lè wọ àárín fídíò tó bá ti pé ìṣẹ́jú 8, nítorí náà ó wu olówó fíìmù kó gùn. Àmọ́ òǹwòran lè fi ìka kan ṣoṣo sá lọ. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi máa ń bẹ́ sílẹ̀ kí a tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tí orin ìbẹ̀rẹ̀ sì ń kúrú. (Èmi kò sunkún orin náà púpọ̀. Àwọn kan wà tó máa ń tú àṣírí ẹni tó pa bàbá kí bàbá tó kú.)

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bàjẹ́ ni yíyan fíìmù. Wọ́n á mú Aiyé tí Ògúńdé gbé jáde ní 1979, wọ́n á fi wé fíìmù orí YouTube kan tí wọ́n yà láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá ní nǹkan ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi Aiyé wé nǹkan, ẹ fi wé Aníkúlápó ti 2022, tí owó gidi wà nídìí òun náà. Fíìmù yẹpẹrẹ ti òní, ẹ lọ wá yẹpẹrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín káséètì ìgbà náà. Kò rọrùn láti rí, ohun tó sì ń tàn wá jẹ nìyẹn: àwọn tó dára ni wọ́n tún ṣe ẹ̀dà wọn, àwọn yòókù ti bàjẹ́ mọ́ káséètì. Fíìmù mẹ́ta láti ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí ìtàn wọn jọra, tó fún iṣẹ́ àṣekágbá. Méjìlá lápapọ̀ dára, ogún ti pọ̀ jù fún ẹni kan.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fíìmù sórí YouTube kì í ṣe ọdún tó jáde. Bí ọdún kò bá sí ní ìparí, ẹ wo owó tí wọ́n ń ná nínú rẹ̀. Owó bébà ₦100 jáde ní oṣù Kejìlá 1999, ₦200 ní oṣù Kọkànlá 2000, ₦500 ní oṣù Kẹrin 2001, ₦1000 ní oṣù Kẹwàá 2005. Bí wọ́n bá da owó oògùn sílẹ̀, tí ₦1000 sì wà níbẹ̀, fíìmù náà kò lè ṣáájú 2005, ohun yòówù kí ẹni tó gbé e sókè kọ. Nọ́ńbà fóònù náà ń tú àṣírí: inú oṣù Kẹjọ 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà paali fíìmù tí 0803, nọ́ńbà GSM, wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti 1998. Ẹ ṣọ́ra nípa paali o, wọ́n máa ń tún un tẹ̀.

Láti mọ bí àwòrán ṣe ń yára sí, ẹ má wo gbogbo fíìmù. Ẹ fo ìpolówó fíìmù tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 20, ẹ wo ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ fa ìlà kan sórí ìwé ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá gé. Bí ìlà bá jẹ́ 75, ẹ fi pín 600: ìṣẹ́jú àáyá 8 ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń pẹ́, ní ìpíndọ́gba. Bí ojú yín kò bá dá ibi tó gé mọ̀ dáadáa, ẹ ṣí i nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa tẹ lẹ́tà E; á máa sún lẹ́yọ lẹ́yọ. Àmọ́ ẹ má ṣe dájọ́ bí àwòrán ṣe mọ́ tó lórí ẹ̀dà YouTube. Àwọn tó ń jí fíìmù gbé sókè máa ń na àwòrán kí ojú òṣèré fẹ̀, wọ́n ń yí ọ̀tún sí òsì, wọ́n ń mú un yára díẹ̀, kí ẹ̀rọ YouTube má bàa dá a mọ̀. Bí ìwé tó wà nínú àwòrán bá ń kà sẹ́yìn, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn, nítorí òǹkà tí ẹ ṣe lórí ẹ̀dà tó yára kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni ti subtitle, ìyẹn ìtumọ̀ tó ń yọ ní ìsàlẹ̀ àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé atúmọ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà mìíràn, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni ìlà méjì, lẹ́tà 42 lórí ìlà kan, kí òǹkàwé má sì ka ju lẹ́tà 17 sí 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbá àgbà wá sọ pé: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Ìṣẹ́jú àáyá 3 ti tó o láti sọ ọ́. Lẹ́tà 51 sí 60 ni àyè gbà, ìtumọ̀ rẹ̀ lódindi ní Gẹ̀ẹ́sì sì ń sún mọ́ 70. Bí ẹni tó ń bá bàbá sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, subtitle náà lè dúró. Bí ó bá já lu ọ̀rọ̀, atúmọ̀ á gé òwe náà kúrú títí yóò fi di "ṣọ́ra". Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìtumọ̀ ni, ẹ mú subtitle 20 tó ní òwe tàbí oríkì nínú, ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀ọ̀kan fi wà lójú àwòrán, kí ẹ sì ya èyí tí àyè kò gbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àyè gbà tí wọ́n sì tún ṣì í. Àwọn ti ẹ̀yìn yìí ni ẹ lè bá jà. Bí ẹ bá ń kọ subtitle Yorùbá fúnra yín, UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, ni kí ẹ fi tọ́jú fáìlì SRT tí subtitle wà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ, ọ àti ṣ á di àmì ìbéèrè.

Ti ìjọba kò pẹ́ rárá láti sọ. Ìdènà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Ògúńdé nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Òfin 85 ti 1993 ló dá NFVCB sílẹ̀, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, tó sì ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ kó wò ó. Ní 2024, àjọ náà kéde òfin tuntun tó lòdì sí fíìmù tó ń fi oògùn owó àti sìgá ṣe fáàrí. Ibí yìí ni ẹ ti máa gbọ́ pé "àtijọ́ kò sí irú èyí". Ó wà. Àjẹ́ àti oògùn kún fíìmù àtijọ́ fọ́fọ́. Dípò kí ẹ ka iye ìgbà tí oògùn owó yọjú, ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó ṣe é fi jayé kí ẹ̀san tó dé, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀san náà fúnra rẹ̀ gbà. Fíìmù méjì lè ní oògùn kan náà, kí ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 50 ṣe àfihàn ọkọ̀ àti ilé, kó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ṣe wèrè ní ọjà. Òǹkà yẹn ni yóò sọ fún yín èyí tó ń ṣe fáàrí.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà òṣèré, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ti ìgbà yín kò dára jù ni?" Ẹ ti dáhùn fún wọn nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ya fíìmù kan, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa ń tún ìran kan yà, ta ló kọ ìtàn sílẹ̀ àbí ẹnu ni wọ́n fi ń pín in fún ara wọn, ta ló gbé owó kalẹ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ mú bátìrì kejì dání, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi orin dáhùn bó bá wù wọ́n.